Máàkì Ọmọ Nìkan Kò Tó Fi Dá Ilé Ìwé Lẹ́jọ́: Ohun Tí Èsì Ìdánwò Lè Sọ fún Wa ní Kwara

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ ọdún 2025, àjọ WAEC gbé èsì ìdánwò àwọn ọmọ SS3 jáde. Wọ́n ní 38.32% péré nínú àwọn tó ṣe é ló gba kírẹ́díìtì márùn-ún tí Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò wà nínú rẹ̀. Lọ́dún tó ṣáájú, 72.12% ni. Ariwo ta káàkiri. Òbí di ẹ̀bi ru tíṣà, tíṣà dì í ru ọmọ, àwọn mìíràn ní fóònù ló ba àwọn ọmọ jẹ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí WAEC fi padà wá sọ pé àṣìṣe wà níbẹ̀. Wọ́n ti to ìbéèrè lóríṣiríṣi kí àwọn ọmọ má baà lè wo ti ara wọn, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń máàkì Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọ ti máa ń mú A, B, C tàbí D, ìdáhùn tí wọ́n lò kò bá bébà mu. Wọ́n tún un ṣe, iye náà sì gòkè di 62.96%. Àwọn ọmọ tí ìyàtọ̀ yẹn kàn lé ní 485,000. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ yẹn, gbogbo wọn ni a ti kà mọ́ àwọn tí kò mọ̀wé.

Oṣù mẹ́ta ṣáájú ni ti JAMB ṣẹlẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, ọ̀gá àgbà JAMB nígbà náà, tí àwa ní Ìlọrin mọ̀ dáadáa nítorí òun ló ṣe gíwá Yunifásítì Ìlọrin rí, sunkún lójú àwọn oníròyìn ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù karùn-ún. Ẹ̀rọ tó ń máàkì ìdánwò ní ibùdó 157, ní Èkó àti ní ìlà oòrùn gúúsù, kò gba àtúnṣe tí wọ́n fi sí ti àwọn ibùdó yòókù, ọmọ 379,997 sì ní láti tún ìdánwò ṣe. Ẹkún ọ̀gá àgbà náà kàn mí, nítorí kò fi àṣìṣe náà pamọ́.

Mo mú ọ̀rọ̀ méjèèjì ṣíwájú nítorí pé èsì ìdánwò ti di ohun tí a fi ń dá ilé ìwé, tíṣà, àti ìjọba pàápàá lẹ́jọ́. Ẹni bá gba Tankẹ, Adéwọlé tàbí Gáà Akanbi kọjá lásìkò tí èsì bá jáde á rí báńà lára ògiri àwọn ilé ìwé aládàáni, pẹ̀lú àwòrán ọmọ tó gba A1 mẹ́jọ, ọmọ tó gba 340 nínú JAMB. Òbí tó ń wá ilé ìwé fún ọmọ á wo báńà, á sì san owó. Àwọn olóṣèlú náà ń ka èsì bí ẹni ń ka ìbò: bí ìpínlẹ̀ bá gòkè, àwọn ló ṣe é, bó bá wálẹ̀, ìjọba tó ṣáájú ló fà á. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kì í sábà béèrè ohun tó ṣe pàtàkì jù: àwọn ọmọ wọ̀nyẹn, níbo ni wọ́n wà nígbà tí wọ́n wọlé, kí sì ni ilé ìwé náà fi kún wọn?

Ìdánwò tí àwọn tíṣà Kwara ṣe

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun ní ìpínlẹ̀ wa. Ní ọdún 2008, nígbà tí Bùkọ́lá Sàràkí ń ṣe gómìnà tí Bọ́lájí Abdullahi sì jẹ́ kọmíṣánà ètò ẹ̀kọ́, Kwara ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ìjọba kò láyà láti ṣe: wọ́n ṣe ìdánwò fún àwọn tíṣà fúnra wọn. Tíṣà 19,125 ló jókòó ṣe é. Ohun tí wọ́n dán wò kò ju ìmọ̀ tí tíṣà nílò kó tó lè kọ́ ọmọ Pírámárì 4 ní Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò. Tíṣà 75 ló dé ojú òṣùwọ̀n tí wọ́n là kalẹ̀. Kò pé ẹyọ kan nínú igba.

Ẹ jẹ́ ká dúró síbẹ̀ díẹ̀, nítorí iye yẹn yí ojú tí a fi ń wo máàkì ọmọ padà. Kó tó dìgbà náà, bí ọmọ Pírámárì 4 ní abúlé kan lẹ́yìn Ọ̀mù-Àrán kò bá lè ka gbólóhùn kan, ohun tí ilé á sọ ni pé ọmọ náà kò ní ọpọlọ, tàbí pé òbí rẹ̀ kò bìkítà. Èsì ìdánwò tíṣà fi hàn pé ẹni tí wọ́n ní kó kọ́ ọmọ náà kò tíì gba ohun tó yẹ kó fún un. Kì í sì í ṣe ẹ̀bi tíṣà nìkan: kọ́lẹ́ẹ̀jì ló fún un ní ìwé ẹ̀rí, ìjọba ló gbà á síṣẹ́, ọ̀pọ̀ ọdún ló sì fi ṣiṣẹ́ láìsí ẹni tó padà kọ́ ọ ní nǹkan kan.

Ohun tí wọ́n wá fi èsì náà ṣe ló mú kó ní ìtumọ̀. Ètò tí wọ́n pè ní Every Child Counts lọ bẹ̀rẹ̀ láti orísun, wọ́n tún Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ tó wà ní Ọ̀rọ̀ tò, nítorí ibẹ̀ ni tíṣà ti ń jáde. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ ESSPIN, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń náwó sí ní ìpínlẹ̀ mẹ́fà láti 2008 títí di 2017 tí Kwara sì wà lára wọn, kọ ètò ẹ̀kọ́ lẹ́sẹẹsẹ fún tíṣà, débi pé ẹni tí ìṣirò kò yé dáadáa lè tẹ̀lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Àwọn kan bínú sí i pé wọ́n sọ tíṣà di ẹni tí ń ka ohun tí ẹlòmíràn kọ. Mo mọ ìbínú wọn, ṣùgbọ́n ọmọ tó wà ní kíláàsì lónìí kò lè dúró de ìgbà tí tíṣà rẹ̀ yóò fi tún kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ.

Ìjọba Abdulrahman Abdulrazaq gbé e síwájú sí i ní 2022 pẹ̀lú KwaraLEARN, tí wọ́n jọ ṣe pẹ̀lú ilé iṣẹ́ NewGlobe. Tábúlẹ́ẹ̀tì ló wà lọ́wọ́ tíṣà báyìí ní àwọn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà nínú ètò náà. Inú rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà wà, inú rẹ̀ náà ni tíṣà ti ń kọ iye ọmọ tó wá àti máàkì tí wọ́n gbà. Ìyàtọ̀ ńlá nìyí. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ìjọba ń mọ ohun tó ń lọ, bó bá tilẹ̀ mọ̀ ọ́n. Nísinsìnyí, ìròyìn lè dé ọ́fíìsì láti ilé ìwé kan ní ọjọ́ kan náà. Máàkì ti wá pọ̀ bí òjò, nítorí náà ni ìbéèrè bí a ṣe ń kà á fi di kánjúkánjú.

Ibi tí ọmọ ti bẹ̀rẹ̀

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ilé ìwé méjì ni, mo kàn fi ọkàn dá wọn ni. Ọ̀kan wà ní GRA Ìlọrin, ó ń gba owó gọbọi, ó sì ń ṣe ìdánwò fún ọmọ kó tó gbà á wọlé. Àwọn ọmọ tó wọ JSS1 níbẹ̀ ti ń gba 70 nínú 100 láti ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n parí JSS3, wọ́n gba 75. Èkejì jẹ́ ti ìjọba, ní abúlé kan ní Ìsin. Ẹnikẹ́ni tó bá parí pírámárì ni wọ́n ń gbà. Àwọn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ ní 25, wọ́n sì parí ní 48. Lórí báńà, 75 ju 48 lọ, kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n máàkì 5 ni ilé ìwé àkọ́kọ́ fi kún ọmọ, èkejì fi 23 kún un. Ewo nínú wọn ló ṣiṣẹ́?

Àgbẹ̀ kankan ní ilẹ̀ Ìgbómìnà kì í kó iṣu ẹni tó dáko sí ilẹ̀dú pọ̀ mọ́ ti ẹni tó dáko sí orí àpáta, kó wá ní kí wọ́n fi ìwọ̀n iṣu mọ ẹni tó mọ iṣẹ́ oko jù. Ohun tí a sì ń ṣe fún ilé ìwé nìyẹn lọ́dọọdún.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti gbìyànjú láti tún èyí ṣe. Ní Tennessee ní Amẹ́ríkà, láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, wọ́n ń fi máàkì ọmọ lọ́dún kan wéra pẹ̀lú máàkì ọmọ náà gan-an ní àwọn ọdún tó ṣáájú, kí wọ́n lè mọ ìlọsíwájú rẹ̀. England náà gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì ní 2016: ohun tí ọmọ ṣe nígbà tó parí pírámárì ni wọ́n fi ń wọn ibi tó dé ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ètò bẹ́ẹ̀ sàn ju ti báńà lọ púpọ̀.

Síbẹ̀ ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Nígbà tí àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí fi ìṣirò yìí pinnu ẹni tí wọ́n á lé lẹ́nu iṣẹ́ nínú àwọn tíṣà, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣirò ìwádìí ti Amẹ́ríkà gbé ọ̀rọ̀ jáde ní 2014. Wọ́n ní nínú gbogbo ohun tó ń mú kí máàkì ọmọ kan yàtọ̀ sí ti ọmọ mìíràn, iye tó ti ọwọ́ tíṣà wá kò ju láti 1% sí 14% lọ nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí. Ìyókù jẹ́ ti ilé, ti ìlera, ti owó, ti bí wọ́n ṣe ṣètò ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi máàkì ọdún kan ṣoṣo lé tíṣà kúrò níṣẹ́ ní Kwara, kó kọ́kọ́ ka èyí.

Ilé ìwé kékeré, ìlú kékeré

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le jù fún gúúsù Kwara nìyí, n ò sì rí i kí ọ̀pọ̀ èèyàn máa sọ ọ́. Púpọ̀ nínú àwọn ilé ìwé tó wà ní Òkè-Ẹ̀rọ́, Èkìtì, Ìsin, àti ní àwọn abúlé Ìfẹ́lódùn jẹ́ ilé ìwé kékeré. Àwọn ọ̀dọ́ ti lọ sí Ìlọrin, Èkó àti Àbújá, àwọn tó kù kò pọ̀. Ká ní ọmọ méjìlá ló ṣe ìdánwò ní ilé ìwé bẹ́ẹ̀. Bí mẹ́sàn-án bá yege, 75% nìyẹn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, bí ibà bá mú ọmọ kan lọ́jọ́ ìdánwò ìṣirò, tí ọ̀kan bá bá bàbá rẹ̀ lọ sóko, tí ọ̀kan kò sì kàn ṣe dáadáa bó ṣe yẹ ní ọjọ́ yẹn, ilé ìwé náà já sí 50%. Ní ilé ìwé tó ní ọmọ 300 ní Ìlọrin, ọmọ mẹ́ta kò mú un yí ju 1% lọ.

Nítorí èyí, bí ìjọba bá to gbogbo ilé ìwé ìpínlẹ̀ yìí láti òkè dé ilẹ̀, àwọn ilé ìwé kékeré ni á máa kún orí tábìlì, àwọn náà ni á máa kún ìsàlẹ̀ rẹ̀, lọ́dún mìíràn wọ́n á sì tún ara wọn tò. Kì í ṣe pé wọ́n dára jù tàbí pé wọ́n burú jù. Iye ọmọ tí wọ́n ní ló kéré. Ìjọba tí kò mọ èyí á fi ẹ̀bùn fún ọ̀gá ilé ìwé kan lọ́dún yìí, á sì kọ lẹ́tà ìbáwí sí ọkùnrin kan náà lọ́dún tó ń bọ̀, láìjẹ́ pé ó yí nǹkan kan padà. Ọ̀nà àbáyọ kò ṣòro: kí wọ́n kó èsì ọdún mẹ́ta pọ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ nípa ilé ìwé kan, kí wọ́n má sì to ilé ìwé tí ọmọ rẹ̀ kò tó ogún sínú ìtòlẹ́sẹẹsẹ kankan.

Ààbò ńkọ́? Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, lẹ́yìn tí àwọn agbébọn kọlu ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Èrúkù, ìjọba ti ilé ẹ̀kọ́ pa ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kan ní gúúsù ìpínlẹ̀ yìí. Ìpinnu náà tọ́, ẹ̀mí ọmọ ṣáájú ìwé. Ṣùgbọ́n nígbà tí èsì bá jáde, ta ni yóò kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ máàkì pé ilẹ̀kùn ilé ìwé wà ní títì? Bí kò bá sí níbẹ̀, ìròyìn náà yóò kà pé tíṣà Èrúkù kò ṣiṣẹ́.

Nígbà tí máàkì bá di ohun tí a ń bẹ̀rù

Ní ọdún 2002, Ààrẹ George W. Bush fọwọ́ sí òfin tí wọ́n pè ní No Child Left Behind. Gbogbo ilé ìwé ìjọba ní Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò lọ́dọọdún, wọ́n sì fi 2014 ṣe ọdún tí gbogbo ọmọ pátá gbọ́dọ̀ ti dé ojú òṣùwọ̀n. Ilé ìwé tí kò bá ní ìlọsíwájú yóò jìyà. Ohun rere kan wà níbẹ̀ tó yẹ ká gbà: òfin náà kò gbà kí wọ́n ka máàkì gbogbo ọmọ pọ̀ nìkan, ó ní kí wọ́n ya ti àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú, ti àwọn ọmọ tálákà àti ti àwọn abirùn sọ́tọ̀, kí ilé ìwé má baà fi àwọn ọmọ tó ń ṣe dáadáa bo àwọn tí wọ́n pa tì mọ́lẹ̀.

Ìyà tó so mọ́ ọn ló bà á jẹ́. Ní Texas, àwọn olùwádìí rí i pé àwọn tíṣà ń pín ọmọ sí mẹ́ta: àwọn tó máa yege láìsí wàhálà, àwọn tí kò lè yege bó ti wù kó rí, àti àwọn tó kù díẹ̀. Àwọn tó kù díẹ̀ ni wọ́n dojú kọ, nítorí àwọn ló lè sọ iye ilé ìwé di púpọ̀. Ọmọ tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, tó nílò ìrànlọ́wọ́ jù, kò rí ẹni tó yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ní Atlanta, ó tilẹ̀ burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: ìwádìí ìjọba ní 2011 rí i pé olùkọ́ àti ọ̀gá 178 ní ilé ìwé 44 lọ́wọ́ nínú màgòmágó, lára rẹ̀ ni kí wọ́n jókòó pa ìdáhùn ọmọ rẹ́ kí wọ́n sì kọ èyí tó tọ̀nà. Ní 2015 ilé ẹjọ́ dá mọ́kànlá lára wọn lẹ́bi. Ní oṣù kejìlá ọdún yẹn ni Ààrẹ Obama fọwọ́ sí òfin mìíràn tó rọ́pò ti Bush.

Èyí kò yẹ kó yà wá lẹ́nu, àwa tí a mọ ohun tí ń jẹ́ miracle centre. Ọmọ máa ń fi ilé ìwé rẹ̀ ní Ìlọrin sílẹ̀ ní SS2, á lọ forúkọ sílẹ̀ fún WAEC ní ilé ìwé kan ní ìgbèríko tí a mọ̀ pé wọ́n ń "ran ọmọ lọ́wọ́". Ilé ìwé náà á ní èsì tó dán, àwọn ọmọ tó ṣe ìdánwò níbẹ̀ kò sì jókòó sí kíláàsì rẹ̀ rí. Ìkà ni mo ka èyí sí, nítorí ọmọ tí wọ́n fi A1 tàn jẹ ni yóò dé yunifásítì, tí kò ní lè kọ ìwé ojú ewé kan. Àwọn ilé ìwé mìíràn kì í ṣe màgòmágó nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe tiwọn. Wọ́n á ní kí ọmọ tó ń ṣòjòjò nínú ìwé tún kíláàsì ka, tàbí kí òbí rẹ̀ wá ilé ìwé mìíràn, kí ó má baà ba "rẹ́kọ́ọ̀dù" wọn jẹ́. Nípa bẹ́ẹ̀, 100% tó wà lórí báńà lè jẹ́ òtítọ́, kó sì jẹ́ pé ìdajì àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ní JSS1 kò sí nínú rẹ̀.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí òbí fi ọkàn sí jù nìyẹn. Kí ẹ tó béèrè iye tó yege, ẹ béèrè iye tó bẹ̀rẹ̀.

Èdè náà wà níbẹ̀. Ọmọ Ìgbómìnà tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì bi ní ìbéèrè ìṣirò, bó bá kùnà, ṣé ìṣirò ni kò mọ̀ ni, àbí Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi bi í? Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti dáhùn: wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà pírámárì, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n fi èsì wọn wé ti àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ yìí kò kẹ́yìn, wọ́n ṣáájú nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́, wọn kò sì kùnà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ó dùn mí pé ìjọba àpapọ̀ kéde ní oṣù kọkànlá 2025 pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n padà fi máa kọ́ ọmọ láti ìbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì fi èsì ìdánwò ṣe ẹ̀rí.

Ibi tí máàkì ti ń ṣe ọmọ lóore

Pẹ̀lú gbogbo ohun tí mo sọ yìí, n kò ní kí a má ṣe ìdánwò. Ilé ìwé tí kò wọn nǹkan kan kò lè mọ ọmọ tó ń rì. UNICEF sọ pé ọmọ mẹ́ta nínú mẹ́rin láàárín ọmọ ọdún méje sí mẹ́rìnlá ní Nàìjíríà ni kò lè ka gbólóhùn kékeré kan tàbí ṣe ìṣirò kékeré. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń gba káàdì èsì ní òpin sáà, tí wọ́n kọ ipò kẹẹ̀dógún tàbí ipò kejì sí i. Ipò kò sọ fún ìyá ọmọ náà bóyá ọmọ òun lè kàwé.

Ní India, ẹgbẹ́ Pratham bẹ̀rẹ̀ ohun tí wọ́n pè ní ASER ní 2005. Bébà kan ṣoṣo ni wọ́n ń mú lọ sílé àwọn ọmọ ní abúlé: lẹ́tà wà lórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, ìpínrọ̀ kékeré kan, àti ìtàn kúkúrú. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló gbà, ìyá ọmọ á dúró tì í, á fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ibi tí ọmọ òun dúró sí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kó àwọn ọmọ pọ̀ fún wákàtí kan lójúmọ́, kì í ṣe nípa kíláàsì tí wọ́n wà, bí kò ṣe nípa ibi tí ìwé kíkà wọn dé. Ọmọ Pírámárì 5 tí kò mọ lẹ́tà á jókòó pẹ̀lú àwọn tí kò mọ lẹ́tà títí á fi mọ̀ ọ́n. Èyí ni máàkì tó ní iṣẹ́: ó sọ ohun tí tíṣà yóò ṣe láàárọ̀ ọ̀la. Kenya, Tanzania àti Uganda ti gba irú ìdánwò yìí ṣe lábẹ́ orúkọ Uwezo.

Pakistan tún kọ́ wa ní nǹkan mìíràn. Ní abúlé 112 ní ìpínlẹ̀ Punjab, àwọn olùwádìí ṣe ìdánwò fún ọmọ, wọ́n sì fún òbí ní ìdajì àwọn abúlé náà ní káàdì tó sọ bí ọmọ wọn ṣe ṣe sí àti bí gbogbo ilé ìwé tó wà ní abúlé ṣe ṣe sí. Kò sí ẹni tí wọ́n lé, kò sí ilé ìwé tí wọ́n fìyà jẹ. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, máàkì àwọn ọmọ ní àwọn abúlé tó gba káàdì gòkè, owó ilé ìwé aládàáni sì wálẹ̀ ní 17%. Àwọn ilé ìwé náà mọ̀ pé òbí ti mọ̀.

Nínú gbogbo èyí, mo rí i pé Kwara ti ní ohun tó ṣòro jù lọ́wọ́. Tábúlẹ́ẹ̀tì wà, tíṣà ti mọ bí wọ́n ṣe ń kọ iye ọmọ sílẹ̀, ìgbìmọ̀ SBMC tó so ilé ìwé pọ̀ mọ́ ìlú wà ní ọ̀pọ̀ ibi láti ayé ESSPIN, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú sì lágbára ní gúúsù Kwara ju bó ṣe wà ní ibòmíràn lọ: Ọ̀rọ̀, Ọffà, Ọ̀mù-Àrán, Ìgbàjà, gbogbo wọn ló ní ọmọ ìlú tó ń fi owó ránṣẹ́ láti kọ́ kíláàsì. Kí àwọn ọmọ ìlú yìí máa béèrè ohun tó ń lọ nínú kíláàsì náà pẹ̀lú. Kí SUBEB, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, máa fi èsì ilé ìwé kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ padà sí ìgbìmọ̀ yìí ní sáà kọ̀ọ̀kan, lójú ewé kan, ní Yorùbá tí ìyá tó ń ta gàrí lè gbọ́ bí wọ́n bá kà á fún un: ọmọ mélòó ló wà nínú rẹ́jísítà, mélòó ló ń wá, mélòó ní Pírámárì 3 ló lè ka ìpínrọ̀ kan, mélòó ló lè kà á ní sáà tó kọjá, ọjọ́ mélòó ni ilé ìwé fi wà ní títì. Kí wọ́n kọ orúkọ ilé ìwé, kí wọ́n má kọ orúkọ ọmọ.

Fún òbí tí kò lè dúró de ìjọba, ìpàdé PTA tó ń bọ̀ tó. Ẹ dìde níbẹ̀, ẹ kí ọ̀gá ilé ìwé dáadáa, kí ẹ sì sọ pé: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Àwọn ọmọ tó wọ JSS1 ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, mélòó ni wọ́n? Mélòó nínú wọn ló ṣe WAEC níbí lábẹ́ orúkọ ilé ìwé yìí? Àwọn tó kù ńkọ́?" Ọ̀gá tó bá ní rẹ́jísítà rẹ̀ nílẹ̀ á lè dáhùn láìbínú. Bó bá ní òun máa lọ wò ó, ẹ dá ọjọ́ fún un, kí ẹ sì padà wá.